Àṣìṣe àti Ẹ̀bi: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Eré Softball Àwọn Ọmọdé

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ó lè wúwo lọ́kàn ọmọdé fún ọjọ́ pípẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kan ní pápá, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù, ta ni kí a dá lẹ́bi? Àwọn ará wa kò ṣọ̀wọ́n tí ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, ti ń ṣe eré yìí ní ilé-ìwé àti ní àdúgbò. Nítorí náà ó tọ́ kí a gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ìfarabalẹ̀.

I. Bí eré náà ti rí

Ìlú Chicago ni a ti bẹ̀rẹ̀ softball ní ọdún 1887, láti ara baseball ni a sì ti mú un jáde. Nínú irú èyí tí a ń ju bọ́ọ̀lù kíákíá, ẹni mẹ́sàn-án ni í ṣọ́ pápá. Ọ̀kan nínú wọn a ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí ó mú ọ̀pá dání láti ẹgbẹ́ kejì. Bí onítọ̀hún bá gbá a, yóò sáré kọjá ibùdó mẹ́ta kí ó tó padà sí ibi tí ó ti gbéra, tí a ń pè ní ilé. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ayò kan. Àwọn tí ń ṣọ́ pápá ní láti mú bọ́ọ̀lù náà, kí wọ́n sì jù ú dé ibùdó kí ẹni tí ń sáré tó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 60 péré ni ó sábà máa ń wà láàárín ibùdó kan àti èkejì. Àyè àti ronú kò pọ̀.

II. Ohun tí ìwé eré ń pè ní àṣìṣe

Akọ̀wé kan wà tí ń kọ ohun gbogbo tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, òun ni ó sì ń pinnu ẹni tí a ó kọ àṣìṣe sí lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìlànà mẹ́ta tí ó ń tẹ̀ lé.

Èkíní, a kì í ka àṣìṣe sí ẹni tí kò lè mú bọ́ọ̀lù náà àfi bí ó bá ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Òfin baseball sọ ọ́ kedere pé ìwọ̀n tí a ó fi wọn ẹnikẹ́ni ni ohun tí òṣèré àárín, ní ipò kan náà àti ní ìpele kan náà, ì bá lè ṣe. A sì gbọ́dọ̀ ro ti bí ilẹ̀ pápá àti ojú ọjọ́ ti rí mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé kò yẹ kí a fi òṣùwọ̀n àgbà wọn ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Èkejì, bí ẹnìkan bá ju bọ́ọ̀lù tí kò tọ́, tí ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á kò sì lè gbà á, ẹni tí ó jù ú ni àṣìṣe wà lọ́rùn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ èkejì ni gbogbo ènìyàn rí i tí ó ti bọ́.

Ẹ̀kẹta, a kì í sábà kọ àṣìṣe èrò sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá jábọ́ láàárín ọmọ méjì, nítorí pé olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì yóò mú un, ó lè ṣẹlẹ̀ pé a kò ní kọ àṣìṣe sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

III. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àṣìṣe àti ẹ̀bi

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká ní ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù ti ju àjùkù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fún ẹni méjì ní ibùdó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé kò ka èyí sí àṣìṣe. Lẹ́yìn náà a gbá bọ́ọ̀lù sí ọ̀dọ̀ ọmọ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí ibùdó kẹta ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí kò sì tíì kọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sáré wọlé. Ìwé yóò kọ àṣìṣe kan, orúkọ kan ni yóò sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi àwọn méjì sí ibùdó? Ta ni ó gbé ọmọ sí ipò tí a kò kọ́ ọ? Àṣìṣe jẹ́ ti ẹnìkan. Ẹ̀bi a máa pín káàkiri, ti àgbà sì lè pọ̀ ju ti ọmọ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

IV. Ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1986, Boston Red Sox ń bá New York Mets du ife àṣekágbá baseball Amẹ́ríkà. Ó ku ìṣẹ́gun kan ṣoṣo fún Boston. Ní ìpín kẹwàá wọ́n fi ayò 5 sí 3 ṣíwájú, a sì ti mú ẹni méjì jáde nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni Mets gbá bọ́ọ̀lù dáradára lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, àjùkù kan sì mú kí ayò di 5 sí 5. Nígbà náà ni bọ́ọ̀lù kan yí gba àárín ẹsẹ̀ Bill Buckner kọjá, Mets sì borí pẹ̀lú 6 sí 5.

Kí ẹ ṣàkíyèsí pé ayò ti dọ́gba kí bọ́ọ̀lù náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dun ọkùnrin náà, olórí ẹgbẹ́ sì fi í sílẹ̀ ní pápá. Ìdíje kan ṣì kù, Boston sì tún pàdánù rẹ̀ ní ọjọ́ 27, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ayò 3 sí òdo ṣíwájú. Síbẹ̀ orúkọ Buckner ni àwọn ènìyàn ń dá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008 ni ó padà sí pápá Boston láti ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, tí àwọn èrò sì dìde dúró láti yẹ́ ẹ sí. Ó kú ní ọdún 2019. Bí àgbà ọkùnrin bá gbé irú ẹrù báyìí fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ, kí ni kí a wí nípa ọmọdé?

V. Ohun tí ó yẹ fún wa

A kò wí pé kí a pa òtítọ́ mọ́ fún ọmọ. Bí ó bá gbójú sókè kí bọ́ọ̀lù tó wọ inú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un, kí ó sì fi bí a ti ń ṣe é hàn án. Ṣùgbọ́n kí ó dúró di ọjọ́ ìdánrawò, kí ó má ṣe kígbe mọ́ ọn lójú àwùjọ. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Kí àwọn òbí pẹ̀lú má ṣe dárúkọ ọmọ ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ bí wọ́n ti ń darí sílé. Ohun tí ọmọ wọn bá gbọ́ níbẹ̀ ni yóò sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí akọ̀wé eré ń kọ sílẹ̀ àti ohun tí ó mú ẹgbẹ́ pàdánù?
2. Nínú àpẹẹrẹ ibùdó kẹta, ẹni mélòó ni ó ní ìpín nínú ẹ̀bi náà?
3. Ní ilé wa tàbí ní ibi iṣẹ́ wa, orúkọ ta ni a máa ń kọ́kọ́ dá nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, a ha sì ti wo ẹ̀yìn wò kí a tó dá a?