Ẹ Tú Orí Bátìrì Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Dáṣíbọ́ọ̀dù

Ariwo kan wà tó máa ń jáde láti inú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí ọkàn awakọ̀ balẹ̀. Ó ń dún bí ìrẹ̀. Ẹ pa rédíò, ó ń dún. Ẹ pa éésì, kò gbọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ẹ ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ pàápàá, yóò ṣì máa dún fún ìgbà díẹ̀. Fáànù kékeré kan ló sábà máa ń fa èyí, fáànù tó wà nídìí sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí inú ọkọ̀ ṣe gbóná tó. Ariwo rẹ̀ ń bíni nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó lè pa èèyàn ni kí wọ́n máa wá fáànù náà kiri nínú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí bátìrì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé nọ́ńbà lẹ ó tẹ̀ lára éésì rẹ̀, 20 tàbí 22, tí yóò sì fúnra rẹ̀ mú inú ọkọ̀ dé ibẹ̀, gbọ́dọ̀ máa mọ bí atẹ́gùn inú ọkọ̀ ṣe rí ní gbogbo ìgbà. Nínú àwọn ọkọ̀ Jámánì bíi BMW E46, tàbí Volkswagen Passat àti Golf àtijọ́ tó ní éésì Climatronic, ẹ ó rí ihò tóóró-tóóró lára ibi tí bọ́tìnì éésì wà. Ẹ̀yìn ihò yẹn ni fáànù náà wà, tó ń fa atẹ́gùn inú ọkọ̀ kọjá lára sẹ́ńsọ̀. Bí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, ó ti ń yí nìyẹn. Bọ́dún bá ti ń gorí ọdún, eruku á dì mọ́ ọn, gíríìsì inú rẹ̀ á gbẹ, ariwo á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda kò ní fáànù yìí rárá. Họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń fa atẹ́gùn fún sẹ́ńsọ̀ tiwọn láti ara fáànù ńlá éésì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé fáànù sẹ́ńsọ̀ ló ń pariwo nínú Corolla yín, ẹ ní kó fi hàn yín kó tó tú ohunkóhun.

Ẹ fi tíṣù fẹ́ẹ́rẹ́ kan sójú ihò náà. Bó bá fà á mọ́ra, fáànù wà níbẹ̀, ó sì ń yí. Ẹ fi ìka dí ihò náà díẹ̀. Bí ohùn ariwo náà bá yí padà, ẹ ti mọ ibi tó ti ń wá. Ẹ wá pa ọkọ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa ojú ihò yẹn dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo náà á dínkù tàbí kó lọ pátápátá, láìtú nǹkan kan. Èyí ló yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má fọ́n WD-40 wọ ihò náà o. Ohun tó ń fọ́n jáde nínú agolo rẹ̀ máa ń gbiná, iná mànàmáná sì wà lẹ́yìn ihò yẹn.

Bí fífa eruku kò bá tó, tí wọ́n bá ní àfi kí àwọn tú u, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ibẹ̀ ni airbag wà, àpò tó ń wú láti dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ti awakọ̀ wà nínú sítíárìn. Ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́, òmíràn tún wà lábẹ́ sítíárìn, ní ọ̀kánkán orúnkún awakọ̀. Corolla 2014 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀. Ìdérí abẹ́ sítíárìn yẹn gan-an sì ni rìwáyà sábà máa ń kọ́kọ́ tú. Oògùn tó ń bú gbàù ló wà nínú airbag. Iná mànàmáná bíńtín ló ń yìn ín, á sì ti wú tán láàárín nǹkan bí ìdá 30 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹni tó lè yára yẹ orí fún un. NHTSA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú pópó, ní kí àyà awakọ̀ jìnnà sí sítíárìn tó ínǹṣì 10, ó kéré tán. Ẹ wá wo ẹni tó ń tú dáṣíbọ́ọ̀dù: orí rẹ̀ wà lábẹ́ sítíárìn, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ike, ó sì fi eyín di sukurudíráfà mú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ní Hialeah lẹ́bàá Miami lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan ń tún nǹkan ṣe nínú Honda Accord 2001. Ojú kan ni ọkọ̀ náà dúró sí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ṣíṣí, òòlù ni ọkùnrin náà sì fi ń ṣiṣẹ́. Airbag bú gbàù, agolo irin tó gbé oògùn rẹ̀ fọ́, ọkùnrin náà sì bá a lọ. Kò sí ọkọ̀ tó kọlù ú, kò sí eré tó sá. Àtúnṣe ló ń ṣe.

Airbag tí Takata, ilé iṣẹ́ Japan kan, ṣe ló wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ti ní kí wọ́n gbé e wá fún pípààrọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Ammonium nitrate ni ilé iṣẹ́ Japan yẹn fi ṣe oògùn rẹ̀. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a fún ọdún púpọ̀, á bàjẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá sì yìn ín, á fọ́ agolo irin rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ sójú èèyàn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn ibi tó gbóná tó sì lọ́rinrin bíi Florida ni wọ́n sì fi ṣáájú. Ta ni kò mọ bí ooru àti ọ̀rinrin Èkó ṣe rí? Láti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, àwọn Accord àti Civic kan ti ọdún 2001 àti 2002 sì wà lára àwọn tó léwu jù lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ nígbà tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ lẹ́tà ìpèpadà sí. Lẹ́tà yẹn kò bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ òkun. Ẹ wo VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Bí airbag ọkọ̀ yín bá wà lára àwọn tí wọ́n pè padà tí wọn ò tíì pààrọ̀, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ariwo fáànù. Airbag yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Ẹ̀yin mẹ́káníìkì àti rìwáyà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí báyìí. Mo mọ ìdí tí ẹ kì í fi í fẹ́ tú orí bátìrì: rédíò á máa béèrè kóòdù, wíńdò kò ní ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, oníbàárà á ní ẹ ba ọkọ̀ òun jẹ́. Gbogbo ìyẹn ló lójútùú. Kò sí ojútùú fún ojú tí irin ti wọ̀. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú orí bátìrì ti nẹ́gétíìfù, kí ẹ fi nǹkan bò ó kó má baà padà kan. Kí ẹ wá dúró. Kọ̀ǹpútà airbag ní kàpásítọ̀ tó ń fi iná pamọ́, kí airbag lè ṣiṣẹ́ bí ìjàm̀bá bá já bátìrì kúrò. Iná yẹn kì í tán lójú ẹsẹ̀. Toyota ní kí ẹ dúró fún 90 ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán. Honda ní ìṣẹ́jú 3. Bí ìwé ọkọ̀ náà kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Bí ìwé náà bá sì ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó sọ ni kí ẹ ṣe.

Wáyà tàbí púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ bá rí, ti airbag ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má já a, ẹ má so ó mọ́ òmíràn. Ẹ má fi mítà tàbí gílóòbù tí ẹ fi ń wá iná kàn án, torí mítà yẹn ń rán iná tirẹ̀ wọ inú wáyà, ìwọ̀nba iná náà sì lè tó láti yin airbag. Ẹ gbé òòlù jìnnà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá orí bátìrì padà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó nínú ọkọ̀, ìbáà ṣe ọmọ iṣẹ́ yín tàbí oníbàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, bí wọ́n bá ṣe tán, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ wo iná airbag. Ó gbọ́dọ̀ tàn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kó sì kú. Bó bá tàn tí kò kú, nǹkan ti já níbì kan, ẹ má sì gba ẹni tó ní á kú fúnra rẹ̀ gbọ́. Bí kò bá tàn rárá, èyí gan-an burú jù, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀ pé airbag kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn kan tún ń so rẹsísítọ̀ mọ́ ibi tí airbag wà tẹ́lẹ̀ láti fi tan kọ̀ǹpútà jẹ. Ìwà ìkà ni. Ọmọ yín ló máa jókòó síwájú ibi tí kò sí nǹkan kan yẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ti ọkọ̀ yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tú u. Ẹ fojú ara yín rí i pé orí bátìrì ti kúrò, ẹ sì wo aago. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe é bá ní kò pọn dandan, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ wa ọkọ̀ yín lọ pẹ̀lú ariwo rẹ̀.