Bátìrì katakata: ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ olówùú, owó gbogbo yín ni bátìrì. Ẹ má fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan rà á. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n ṣe é: èyí tó ti ju oṣù 6 lọ lórí àtẹ láìgba iná ti ń kú díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú ooru tiwa yìí. Kí olùtajà wọn iná rẹ̀ lójú yín. Bátìrì 12 fólì tó kún a máa fi nǹkan bí 12,6 hàn. Bí kò bá tó 12,4, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Nọ́ńbà Ah rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Ẹ dè é pinpin sí àyè rẹ̀, torí jìgìjìgì oko ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Bí ìtúlẹ̀ bá parí, tí katakata ń sinmi, ẹ tú wáyà tó ní àmì − kúrò.