Ṣé ọmọ mi fẹ́ sá lọ ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi tó wà ní Yunifásítì Bowen ń sọ lórí fóònù pé òun máa "jápa". Àyà mi ń já. — Ìyá kan, Ìwó

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá wa. Ara "já", bí ẹran ṣe ń já okùn, ni àwọn ọ̀dọ́ ti fa ọ̀rọ̀ yìí yọ: kéèyàn sá kúrò níbi wàhálà. Orin Naira Marley ti 2018 gbé e káàkiri; lónìí, ìrìn àjò sókè òkun ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ pè é jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ilẹ̀ ibo, ta ló ń bá a ṣe ìwé? Bí ẹnì kan bá ń kán an lójú fún owó, tàbí tó dárúkọ ọ̀nà Líbíà, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ fi tó NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, létí.