Ọmọ tó ní àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn: ìyá kọ́ ló jẹ̀bi

Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní spina bifida máa ń wáyé bí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ kò bá padé dáadáa láàrin ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tí oyún dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún.

Síbẹ̀, ìyá ni ẹbí ọkọ sábà máa ń dá lẹ́bi. Bí ọkọ bá dákẹ́, ìyá nìkan ni yóò máa gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, àwọn ọmọ yòókù a sì máa rò pé wọ́n ti gbàgbé àwọn.

Àrùn yìí kì í ṣe èpè. Okùnfà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àìtó folic acid wà lára wọn. Lílo 400 máíkírógíráàmù rẹ̀ lójoojúmọ́ ṣáájú oyún ń dín ewu náà kù.

Ó yẹ kí tọkọtaya jọ gbọ́ àlàyé dókítà, kí wọ́n sì pín ìtọ́jú ọmọ náà ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.