Ikùn Ti Jókòó Sórí Sítíárìn

ÌBÉÈRÈ

Awakọ̀ ni mí ní gáréèjì Òjóò. Micra ni mò ń wà, láti Òjóò sí Ìwó Road, nígbà míì mo máa ń gba Àgbọwó lọ sí Mọ́kọ́lá. Ọmọ ọdún 48 ni mí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èmi ni mò ń gbá wíńgì nínú tíìmù àdúgbò wa, kò sì sí ẹni tó ń lé mi bá. Ní báyìí, tí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan láti ẹ̀bá kànga dé ẹnu ọ̀nà ilé, àfi kí n dúró mí. Ikùn mi ti ń kan sítíárìn. Ìyá Tóbi, ìyàwó mi, tó ń ta ata ní ọjà Ṣáṣá, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé oyún tèmi ti kọjá oṣù mẹ́sàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan ní Bódìjà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n dá lé e kò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹlòmíì ní àgbo jẹ̀dí ni yóò fa ikùn náà wọlé. Mo mu ún, ilé ìgbẹ́ nìkan ni mò ń sáré lọ. Bàbá mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà sì ti ń lo oògùn rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó ti wà nínú ìran wa? Ohun kan ló tún kù: àwa awakọ̀ máa ń gbá bọ́ọ̀lù nóvẹ́lítì lópin ọdún, àgbà lòdì sí ọ̀dọ́. Mo fẹ́ gbá ti ọdún yìí. Àbí ó ti pẹ́ jù fún mi ni?

Bàbá Tóbi, Òjóò

ÌDÁHÙN

Bàbá Tóbi, ẹ kú wàhálà ojú ọ̀nà. Ẹ bá mi kí Ìyá Tóbi, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ oyún yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Kò tíì pẹ́ rárá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè tèmi: ìgbà wo lẹ wọn ìfúnpá yín kẹ́yìn? Ẹni tí bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ wọ bàtà eré láìmọ ibi tí tirẹ̀ wà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, tàbí ilé oògùn tó ní ẹ̀rọ ìfúnpá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ má sì mu ẹnájì dírínkì lọ síbẹ̀. Bó bá tó 140 lórí 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà ló kàn. Ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ má rìn o. Ìrìn wà lára ìtọ́jú rẹ̀. Àfi tó bá ti gòkè dé nǹkan bíi 180 lórí 110, ẹ jẹ́ kí oògùn kọ́kọ́ fà á wálẹ̀ ná. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́jọ́ kan náà.

Ó wá ku iṣẹ́ yín. Bóyá ẹ ò mọ̀ pé ara awakọ̀ bíi tiyín ni àwọn oníṣègùn ti kọ́kọ́ rí i kedere pé àjókòójù ń ba ọkàn jẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà kan ní London, Jerry Morris, ń wá ohun tó ń fa àrùn ọkàn tó ń pa àwọn ọkùnrin tí kò tíì darúgbó. Ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ìlú náà. Awakọ̀ ń jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́, kọndọ́ sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó ń gba owó ọkọ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àtẹ̀gùn lójúmọ́. Ilé iṣẹ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà. Nígbà tí àbájáde ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 1953, ó hàn pé àrùn ọkàn kì í ṣe àwọn kọndọ́ tó bó ṣe ń ṣe àwọn awakọ̀, bó bá sì kọlu kọndọ́, kì í tètè pa á.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn Morris ni pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́ ní kíá. Ní 1956, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yẹ àkọsílẹ̀ ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ṣòkòtò awakọ̀ fẹ̀ níbàdí ju ti kọndọ́ lọ, àní láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré. Ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti tóbi tẹ́lẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ ìjókòó; kì í ṣe ìjókòó nìkan ló jẹ̀bi. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ìwádìí ti tẹ̀lé e, wọ́n sì ti fi hàn pé lóòótọ́ ni ara tí kì í mira ń ṣàárẹ̀ ṣíwájú ọjọ́. Morris fúnra rẹ̀ kò fi eré ìdárayá ṣeré. Ọmọ ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 2009.

Bàbá Tóbi, Micra kò ní kọndọ́. Ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀, ẹ̀yin lẹ ń gba owó, orí ìjókòó kan náà lẹ sì ti ń ṣe méjèèjì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọndọ́ nínú ilé yín ni Ìyá Tóbi tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dìde nídìí apẹ̀rẹ̀ ata ní Ṣáṣá látàárọ̀. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti fi yín rẹ́rìn-ín.

Lórí ọ̀rọ̀ ìran, mi ò ní parọ́ fún yín, ìdílé ní ipa tirẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tètè lọ wọn ìfúnpá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí ná. Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Cooper ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Oṣótiméhìn láti Ìbàdàn níbí, tó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ìgbò-Ọrà tiwa yìí sì wà níbẹ̀. Wọ́n wọn ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní àwọn erékùṣù Caribbean, wọ́n sì wọn ti àwọn tó wà lẹ́bàá Chicago, tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ tiwa jẹ́ 16, ní Caribbean 26, ní Amẹ́ríkà 33. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Bí ara ṣe ń wúwo sí i láti ibì kan dé ibì kejì, tí iyọ̀ sì ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ, ni ìfúnpá ń gòkè. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ogún tí bàbá yín fi sílẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ ohun ló wà lọ́wọ́ yín.

Ó yá, kí ni kí awakọ̀ ṣe? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá pín in, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ni. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé ìrìn gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kó tó wọ ìṣirò. Ní 2020 wọ́n yọ òfin yẹn kúrò: èyí tó bá ṣeé ṣe, ó ń wọlé. Ìròyìn ayọ̀ lèyí jẹ́ fún ẹni tó ń dúró de tọ́ọ̀nù. Kí tiyín tó kàn ní gáréèjì, ìgbà mélòó lẹ máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ jókòó lábẹ́ agbòòrùn oníparaga? Ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ rìn yí gáréèjì ká, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá. Tí ẹ bá lè bá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìwọ̀n tó dára nìyẹn. Tí ẹ bá lè kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ń ṣe fàájì ni.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kò bá gbé ọkọ̀ jáde, ẹ rìn láti Òjóò lọ sí Òrógùn kí ẹ padà. Tó bá pẹ́, kí ẹ dé Àgbọwó. Ẹ má sáré lójú ẹ̀kísíprẹ́ẹ̀sì ní ìdájí o. Ẹ̀yin gan-an mọ bí trélà ṣe máa ń wá lójú ọ̀nà yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìrìn nìkan kò tó. Láti nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún síwájú ni iṣan ara ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, bí ẹnìkan kò bá sì fi ṣiṣẹ́, ó ń yára lọ. Iṣan yìí ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí oúnjẹ ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí iṣan yín ṣe ń dín kù ló fà á tí kẹ́ẹ̀gì omi fi ń dá yín dúró lónìí. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ ká apá mọ́ àyà, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹ sì rọra jókòó padà. Ìgbà mẹ́wàá. Ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Orúnkún yín lè dún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kò bá dùn yín, ẹ jẹ́ kó dún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ tún ti ara yín padà. Ògiri ni mo wí, kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì Micra tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó Road dé. Kẹ́ẹ̀gì omi yẹn náà, ẹ máa pọn ọ́n lọ, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ikùn lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n ń gbé orí sókè sódò láàárọ̀ nítorí ikùn. Ó ń mú iṣan inú le, ṣùgbọ́n kò sí eré ìdárayá tó ń yọ ọ̀rá kúrò ní ojú kan ṣoṣo. Gbogbo ara ni ọ̀rá ti ń dín kù pọ̀, ó sì ń pẹ́. Ẹ má fi òṣùwọ̀n da ara yín láàmú ní oṣù àkọ́kọ́. Okùn téèpù télọ̀ ni kí ẹ fi wọn ara yín ní ọ̀gangan ìdodo. Tó bá ti ju íńṣì 40 lọ fún ọkùnrin, ewu ti pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù méjì.

Jíìmù kò burú, ẹ má jẹ́ kí n ba ẹnikẹ́ni lọ́jà jẹ́. Tówó bá wà, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí tó ní owó ìwọlé. Àgbo jẹ̀dí ní tirẹ̀, omi ara ló ń fà jáde nígbà tẹ́ ẹ ń yàgbẹ́. Ọ̀rá wà níbi tó wà. Paraga? Awakọ̀ lẹ jẹ́, Bàbá Tóbi. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Mi ò ní kí ẹ má jẹ àmàlà, Ìbàdàn la wà. Ẹ yọ òkèlè díẹ̀ kúrò, ẹ bu ewédú àti gbẹ̀gìrì sí i, ẹ dín magí àti iyọ̀ kù, kí ẹ má sì jẹ ẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ kí ẹ tó lọ sùn. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn awakọ̀ fi ń rọ́pò omi nínú oòrùn. Ìgò kan tó jẹ́ 50 cl máa ń ní ju kúbù ṣúgà mẹ́wàá lọ. Ta ló máa to kúbù mẹ́wàá sínú kọ́ọ̀pù tíì kan, tí yóò sì mu ún?

Ó wá ku nóvẹ́lítì. Ẹ lè gbá a, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe wà lónìí. Ọkùnrin tó ti ń jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó dìde lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó sì sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù pẹ̀lú gbogbo agbára, ọkàn rẹ̀ ni ó ń dán wò, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ náà sì lè já. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ rìn, ìrìn nìkan. Tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò bá ti ni yín lára mọ́, ẹ máa sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn fún méjì, ẹ tún sáré. Nígbà tó bá ku bí oṣù kan, ẹ lọ bá àwọn ọmọdé lórí pápá ní Sátidé, kí ẹ jọ máa gbá bọ́ọ̀lù síra yín lẹ́sẹ̀, láìsí ìdíje. Bí àyà bá fún yín, bí ìrora náà bá lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kódà bí ẹ bá ń sọ pé gáàsì ni.

Lọ́jọ́ ìdíje gan-an, ẹ dé pápá kí àwọn yòókù tó dé, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rìn, kí ẹ sì na ẹsẹ̀. Wíńgì tẹ́ ẹ ń gbá tẹ́lẹ̀, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ lọ dúró sẹ́yìn ní dìfẹ́ǹsì, kí ẹ sì ti bá kóòṣì sọ ọ́ ṣáájú pé ìdajì kejì ni kó mú yín wọlé.