ÌRAN ẸṢIN ÀTI OHUN TÍ Ó PÍN WỌN NÍYÀ

Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, àwòrán ẹṣin kan ṣoṣo ni a sábà máa ń fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ìran ẹṣin ni ó wà láyé. A fẹ́ wo ohun mẹ́ta tí ó pín wọn níyà: ilẹ̀ tí ó tọ́ wọn, ènìyàn tí ó yàn wọ́n, àti iṣẹ́ tí a fi wọ́n ṣe.

Kí á kọ́kọ́ mọ bí a ti ń wọn ẹṣin. Láti ilẹ̀ dé òkè èjìká ni a ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe dé orí. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí kò bá ga ju ínṣì 58 lọ ni wọ́n sábà ń pè ní póní. Póní kì í ṣe ọmọ ẹṣin. Ẹṣin tí ó dàgbà tán ni, bí ó tilẹ̀ kúrú.

Níbo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá? Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ egungun ẹṣin àtijọ́ wò fi hàn pé pápá koríko ẹ̀bá odò Volga àti odò Don, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ẹṣin ilé òde òní ti jáde, ní nǹkan bí 4,200 ọdún sẹ́yìn.

Èkíní, ilẹ̀. Ní erékùṣù Shetland, ní àríwá Scotland, ìjì líle ní í fẹ́, koríko kò sì pọ̀. Ebi ì bá pa ẹṣin ńlá níbẹ̀. Èyí tí ó kúrú, tí irun rẹ̀ nípọn, ni ó yè tí ó sì bímọ. Nítorí náà póní Shetland kì í ga ju ínṣì 42 lọ. Nígbà tí òfin ọdún 1842 lé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10 kúrò nínú ihò èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ra póní wọ̀nyí láti máa fa ẹrù níbẹ̀. Kíkúrú tí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ebi ni ó sọ wọ́n di ẹrú inú òkùnkùn.

Ilẹ̀ tí ń dá ìran sílẹ̀ lè dènà rẹ̀ pẹ̀lú. Láti òkè ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin ogun rẹ̀, nítorí pé àrùn tí eṣinṣin tsétsé ń gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ ní ilẹ̀ igbó.

Èkejì, yíyàn. Ẹṣin eré ìje tí a ń pè ní Thoroughbred, ọwọ́ ènìyàn ni ó dá a. Byerley Turk, Darley Arabian àti Godolphin Arabian, akọ mẹ́ta tí ó dé England láàárín nǹkan bí ọdún 1680 sí 1730, ni bàbá ńlá gbogbo wọn. Ìlú Aleppo ní Síríà ni wọ́n ti ra ti Darley; ó dé England ní 1704. Akọ tí ó yára ni wọ́n ń mú gun abo tí ó yára, wọ́n sì tẹ ìwé ìran wọn jáde ní 1791.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́. Ẹṣin Suffolk, pupa, oníṣan, tí ń fa ohun ìtúlẹ̀ ní ìlà-oòrùn England, akọ kan tí a bí ní 1768 ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ní ń bọ̀. Ẹṣin yìí pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Nígbà tí katakata gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, ó dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọmọ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n kọ sínú ìwé ìran rẹ̀ ní 1966. Àwọn díẹ̀ tí kò fẹ́ kí ó run ni ó di í mú títí ó fi kù síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá tún gbé àwòrán ẹṣin kọ́ ara ògiri, ẹ jẹ́ kí á bi àwọn ọmọ pé: Ilẹ̀ wo ni ó tọ́ ọ? Ta ni ó yàn án? Iṣẹ́ wo ni a fi í ṣe? Kí á sì fi ìkẹrin kún un: bí iṣẹ́ náà bá tán, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?