Ẹ Wo Bàtà Alábàárù Kí Ẹ Tó Sọ̀kalẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń múra àtigun Kilimanjaro, mo ti gbọ́ ètò yín. Bàtà ti wà nílẹ̀, aṣọ òtútù ti wà, ẹ tilẹ̀ ti mọ bí ẹ ó ṣe dúró ya fọ́tò ní téńté Uhuru, níbi tí òkè náà ga tó 5,895 mítà. N kò gbọ́ kí ẹnì kan nínú yín dárúkọ ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, n kò bá yín jiyàn. Ẹni tó bá ti dé téńté, ọkàn rẹ̀ ti wà nílé. Ọ̀pọ̀ ló ń kúrò lókè láàárọ̀, tí wọ́n á gba àgọ́ Barafu kọjá, tí wọ́n á sì sùn ní àgọ́ Mweka lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ju 2,500 mítà lọ tí wọ́n sọ̀ lójúmọ́ kan. Bí òjò bá wá dé, pàápàá láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ọ̀nà inú igbó tó wà nísàlẹ̀ á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo alábàárù yín. Báàgì kan wà lórí rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ di tòkè mú, nítorí náà kò lè tẹ ọ̀pá méjì bíi tiyín. Omi ń ti ara báàgì ṣàn sí i lọ́rùn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ bóyá ó ti jẹ tán.

Ẹrù rẹ̀ ńkọ́? 20 kìlógíráàmù ni àwọn tó ń gbèjà alábàárù níbẹ̀ ní kò gbọdọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́nubodè òkè náà o! Àgọ́ tó ti mumi yó kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó gbẹ. Ẹ bá wọn gbọn omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó ká a, kí ẹ sì ní kí amọ̀nà tún ẹrù pín. Ẹni tó ru oúnjẹ wá, ẹrù tirẹ̀ ti fúyẹ́.

Ìgbà mìíràn wà tí kò tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni rìn rárá. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2014, ìjì kan tó ti Òkun Bengal wá da òjò dídì bo àwọn arìnrìn-àjò ní agbègbè ọ̀nà àárín òkè Thorong La ní Nepal. Ó ju 40 ènìyàn lọ tó kú, alábàárù sì wà nínú wọn. Bí ojú ọjọ́ bá burú, ẹ má retí pé alábàárù ni yóò ní òun kò lọ. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú ìrìn yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ sanwó lẹ lẹ́nu láti sọ pé ká dúró, kí bàálù ọ̀la máa lọ.

Bí ọ̀nà bá sì dára tó láti rìn, aṣọ òjò tí ẹ fẹ́ fún un lẹ́nubodè, ẹ fún un láti òkè. Àwọn alábàárù ni wọ́n ń kó àgọ́ kẹ́yìn, síbẹ̀ wọ́n á tún lé yín bá. Tí ẹ bá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó rẹrù ni yóò bọ́ sínú ẹrẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ ka iye wọn kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹni tí kò bá tíì dé, ẹ dúró dè é. Kí ẹ sì fi owó ọpẹ́ lé kálukú lọ́wọ́ fúnra yín, kó má gba ọwọ́ ọ̀gá wọn.